Obìnrin Tó Fi Ọwọ́ Bojú

Kfar Rimonit,
Ọjọ́ kejì Ọjọ́ Ìsinmi, òjò sì ń rọ̀.

Tirtza ọmọ mi,

Àlàáfíà kí ó máa bá ọ gbé, ìwọ àti ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, kí Ẹni tí kì í tòògbé máa ṣọ́ àtẹ̀gùn gígùn tí ẹ ń gùn kí ẹ tó dé ilé yín lókè lọ́hùn-ún, kí ó sì ṣọ́ àpótí onírin tó ń gbé ọ̀lẹ gòkè pẹ̀lú, nítorí n kò fọkàn tán àpótí yẹn láti ọjọ́ tí mo wọ̀ ọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé láìsí ẹni tó tì í. Bí o bá ń béèrè èmi, mo wà, ara le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àfi orúnkún mi òsì tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí rédíò tó mọ̀. Àwọn adìyẹ ń yé. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ tí ìyá rẹ gbìn, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, so débi pé ẹ̀ka rẹ̀ kan fà ya, mo sì ti fi àkísà wé e bí ẹni tó dá lápá. Perl aládùúgbò wa ní kí n kí ọ, ó ní kí n bi ọ́ pé ṣé o ti sanra díẹ̀, mo ní n kò lè bi ọmọ mi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ báyìí, ó kù sí ọ lọ́wọ́.

Fóònù tí o rà fún mi wà dáadáa, má ṣèyọnu. O sọ pé ohun tó dára lára rẹ̀ ni pé kò ní okùn, èèyàn lè máa gbé e kiri, ohun tó sì mú kó sọnù gan-an nìyẹn, inú àpò oúnjẹ adìyẹ ló wà tó ń dún, àwọn adìyẹ ò jẹun títí di ọ̀sán. Mo ti wá okùn tó yi, mo so ó mọ́ ògiri níbi tí ti àtijọ́ wà, ó ti wá di fóònù gidi. Ní ti báǹkì, mo lọ síbẹ̀ bí o ṣe ní kí n lọ. Ọmọbìnrin tó máa ń bi mí léèrè rẹ kò sí lójú fèrèsé mọ́, ihò kan ni wọ́n dá sára ògiri dípò rẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní kí n tẹ nọ́ńbà mi, mo ní ọmọ mi ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ nọ́ńbà yẹn fún ẹnikẹ́ni láyé, báwo ni mo ṣe máa wá sọ ọ́ fún ògiri tí n kò mọ bàbá rẹ̀. Mo gbé káàdì mi, mo padà sílé.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo torí ẹ̀ mú gègé nìyí. Avshalom, akọ̀wé abúlé wa, ọmọ tí wọ́n bí síbí tí kò mọ Marmaros, ilẹ̀ tí a ti wá, rí, kéde pé wọn yóò fi fíìmù kan hàn ní gbọ̀ngàn wa, fíìmù nípa àwọn Júù èèyàn wa ní Marmaros, bí wọ́n ṣe ń gbé kí ogun tó dé, àti bí àwọn Jámánì àti àwọn ọlọ́pàá Họ́ńgárì ṣe kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin lọ síbi tí wọ́n ti pa wọ́n. Ó ní ọmọbìnrin kan ń bá fíìmù náà bọ̀ láti yunifásítì, Noga lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tó ń kọ́ ni bí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbá ọkàn àwọn tó ń wò ó mú. Mo ní kí ló wà níbẹ̀ láti kọ́, ṣé a máa ń wọn omijé ẹni tó wá síbi ìsìnkú ni. Mo ní n kò lọ. O mọ̀ mí, n kò wo irú rẹ̀ rí. Bí tẹlifíṣọ̀n bá fẹ́ fi hàn, ìyá rẹ a pa á, èmi a sì jáde lọ bá àwọn adìyẹ.

Ọjọ́ tí fíìmù dé, Perl wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ti dé fìlà tó máa ń dé lọ síbi ìgbéyàwó, ó gbé kéèkì sọ́wọ́. Mo bi í pé ta ló fẹ́ gbé kéèkì fún nínú òkùnkùn fíìmù. Ó ní, "Getzel, ṣé ọwọ́ lásán lèèyàn fi ń lọ kí ará ilé?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo wọlé, mo gbé ẹ̀wù Ọjọ́ Ìsinmi wọ̀, mo kun bàtà, nítorí bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni mo fẹ́ rí àwọn ará Marmaros lẹ́yìn ọjọ́ gbọọrọ báyìí, n kò fẹ́ kí wọ́n bá mi nínú aṣọ tí mo fi ń kó ìgbẹ́ adìyẹ.

Àṣé ohun tí gbogbo abúlé ń rò náà nìyẹn. Kò sí ẹni tó wọ aṣọ oko wá. Àwọn obìnrin ti fi lọ́fínńdà sára. Rábì Shmelke pàápàá, tí kì í wọ gbọ̀ngàn yẹn nítorí ijó tí àwọn ọ̀dọ́ ń jó níbẹ̀, wá jókòó sétí ilẹ̀kùn bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Kéèkì kún orí tábìlì. Noga, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ ṣòkòtò, kó ìwé mọ́yà, ó ń wò wá, ó sì bi Avshalom pé ṣé wọ́n ti fi gbọ̀ngàn náà fún ẹni tó ń gbéyàwó ni.

Wọ́n pa iná, àwòrán sì hàn lára ògiri. Ọjà ni. Tirtza, ọjà wa ni, tàbí ọjà tó jọ ọ́ débi pé n kò lè bá a jà. Pẹ́pẹ́yẹ funfun tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ pọ̀, kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ẹrẹ̀ tó ń fa bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ ọmọdé. N kò tíì rí ẹrẹ̀ tó dára tó ẹrẹ̀ yẹn láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ gbígbẹ yìí. Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ní ẹṣin yẹn kì í ṣe ẹṣin Marmaros, ó sanra jù. Ẹlòmíràn ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ pé kó má gba orí afárá, igi rẹ̀ ti jẹrà. Nígbà tó kan obìnrin tó ń ro lékvar, èso plọ́mù tí à ń sè nínú agbada ńlá níta títí ó fi dúdú tó sì ki, obìnrin náà fi orógùn sílẹ̀ láti bá ẹnì kan tàkúrọ̀sọ, Perl bá dìde nídìí àga rẹ̀, ó ní kó padà sídìí agbada kíákíá, a kì í fi lékvar sílẹ̀, yóò jóná nísàlẹ̀. Obìnrin náà padà sídìí agbada lóòótọ́, Perl sì jókòó, inú rẹ̀ dùn pé ọmọ náà gbọ́ràn.

Noga fi ìka sétè, ó bẹ̀ wá pé kí a dákẹ́ kí fíìmù lè wọ̀ wá lára. Ó ní nílùú ńlá, àwọn èèyàn máa ń jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi parí ni, wọn a sì jáde jẹ́ẹ́. Perl dá a lóhùn láìbínú, ó ní, "Ọmọ mi, ilé wa là ń wò yìí. Ta ní í dákẹ́ nínú ilé bàbá rẹ̀?" Ọmọ náà kọ nǹkan sínú ìwé, kò sì sọ pé kí a dákẹ́ mọ́.

Inú mi dùn, ọmọ mi, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí. Mo rò pé n ó sunkún, ẹ̀rín ni mò ń rín. Ìyá mi máa ń se lékvar. Brayna lorúkọ rẹ̀, n kò rò pé mo ti dárúkọ rẹ̀ fún ọ rí. Láàárọ̀ kùtù ni yóò ti dá iná sábẹ́ igi, yóò so aṣọ mọ́rí, yóò sì máa kọ orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, orógùn rẹ̀ ló ń gbè é. Èmi a dúró lápá ibi tí èéfín kò gbà, n ó máa dúró de ohun tó bá ta sára ewé kí n lá a. Ó ní àpá iná kan nídìí àtàǹpàkò ọ̀tún, lékvar ló ta sí i. Bó bá fọwọ́ kàn mí lórí, mo máa ń mọ ibi tí àpá yẹn wà. Kò sí lékvar kankan nínú àwọn ìgò olówó iyebíye tí o máa ń rà wá fún mi tó dùn tó èyí tí mo lá lára ewé, má bínú.

Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ṣú nínú fíìmù. Ọjọ́ Ẹtì ni, Ọjọ́ Ìsinmi wa, tí a kì í rìnrìn àjò nínú rẹ̀, ń wọlé bọ̀. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, búrẹ́dì tí wọ́n dì bí irun wà lórí rẹ̀, obìnrin ilé náà sì jáde wá. Ó tan àbẹ́là. Ó fi ọwọ́ kó ìmọ́lẹ̀ náà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ bí àwọn obìnrin wa ṣe máa ń ṣe, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bojú, ó sì ń súre wúyẹ́wúyẹ́. Bó ṣe súre tán, gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn pé Àmín. Kò sí ẹni tó ní kí a dáhùn. Ó jáde lẹ́nu àwọn tí kò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn pàápàá.

Ọwọ́ rẹ̀ lèmi ń wò. Níbi tó ti fọwọ́ bojú yẹn, ìyá mi ni mo rí. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́, ìyá mi ni. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí n kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí wọ́n mú mi lọ síbi iṣẹ́ tipátipá, ìyá mi wà nílé. Nígbà tí mo padà, ilé wà, kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, kò sì sí àwòrán kan lára ògiri, àfi ojú ibi tí wọ́n gbé wọn kọ́. Níbẹ̀rẹ̀, bí mo bá di ojú, mo máa ń rí i. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń rí, níbi tó dúró sí nídìí agbada. Nígbà tó tún yá, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù. N kò mọ ọjọ́ tí ojú rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dágbére. Mo ti sọ ojú ìyá mi nù, Tirtza, mo sì ń bẹ̀rù pé n ó kú kí n tó rí i he. N kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ. Báwo ni ọkùnrin ṣe fẹ́ la ẹnu rẹ̀ kó sọ pé òun ò mọ ojú ìyá òun mọ́?

Obìnrin inú fíìmù náà wá sọ ọwọ́ kalẹ̀, ọmọge kan báyìí ni, ó rẹwà, wọ́n ti fá irun ìpéǹpéjú rẹ̀ tín-ín-rín bí ti àwọn tó ń ka ìròyìn. N kò mọ̀ ọ́n rí. N kò bínú sí i, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ó dùn mí bí ìgbà tí wọ́n gba òkèlè lẹ́nu ẹni. N kò tíì mí tán tí wọ́n fi ń gbá ilẹ̀kùn ilé náà, àwọn ọlọ́pàá tó fi ìyẹ́ àkùkọ sí fìlà wọlé, wọ́n ní kí gbogbo ilé jáde.

Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ wàyí, ìdákẹ́jẹ́ tí Noga ti ń wá látàárọ̀. Èmi ni mo dìde. Mo ní, "Avshalom, dá ẹ̀rọ yẹn dúró. Ọjọ́ Ìsinmi ti wọlé níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń rìnrìn àjò lónìí."

Avshalom dá a dúró, ṣùgbọ́n ó ní fíìmù kò tíì parí, apá tó pọ̀ jù ló kù. Perl ní, "Mo mọ èyí tó kù. Mo wà níbẹ̀. Dá wa padà sọ́jà." Àwọn yòókù gbè é lẹ́sẹ̀, wọ́n ní ọjà, ọjà. Avshalom wo Noga, Noga gbé èjìká sókè, Avshalom bá tẹ nǹkan kan. Tirtza, ojú mi rí i. Àwọn ọlọ́pàá yẹn fi ẹ̀yìn rìn jáde, kíá, kíá, ilẹ̀kùn pa dé mọ́ wọn, a kò rí wọn mọ́. Àbẹ́là kú, ó padà di tuntun. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ fi ẹ̀yìn rìn padà sọ́jà. N kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Bàbá kan níwájú ní kí Avshalom tún ṣe ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń padà yẹn, ó tún un ṣe, àwa àgbàlagbà sì ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọ ilé ìwé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, gbogbo wa ń sunkún, gbogbo wa sì ń wò.

Níbi tí a ti ń jẹ kéèkì ni àríyànjiyàn ti dé. Wọ́n ní ṣé ó tọ́ kí a ṣe Àmín sí àdúrà obìnrin eléré, tó lè jẹ́ pé kì í ṣe Júù pàápàá. Wọ́n kọjú sí Rábì Shmelke. Ó fa irùngbọ̀n, ó ní òfin sọ pé a kì í ṣe Àmín sí àdúrà ẹ̀rọ. Ojú gbogbo wa wálẹ̀. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ lẹ dá lóhùn. Ìyá yín lẹ dá lóhùn." Ló bá mú kéèkì kejì.

Noga pín fọ́ọ̀mù fún wa kó tó lọ, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí fíìmù náà ṣe sí wa. Mo jókòó tì í dáadáa, o mọ̀ pé n kò fẹ́ràn fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n sọ ibi tó wù mí jù, mo kọ ọ́ pé ẹrẹ̀. Wọ́n ní ṣé fíìmù náà gùn jù, mo kọ ọ́ pé ó kúrú, ó yẹ kí lékvar máà tètè jinná bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ṣé n ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi kí wọ́n wá wò ó, mo kọ ọ́ pé inú rẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ mi wà. Wọ́n tún béèrè pé kí ni n ó fẹ́ kí wọ́n ṣe yàtọ̀, mo bá bẹ Noga pé kó bá mi sọ fún àwọn tó ṣe fíìmù náà kí wọ́n padà síbẹ̀, kí wọ́n ní kí obìnrin yẹn fi ọwọ́ sójú díẹ̀ sí i, kó má yára sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ní n ó fi ẹyin ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ó ka ohun tí mo kọ lórí ìdúró, kò rẹ́rìn-ín, ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọn kò tíì dáhùn. Bóyá ọ̀nà ló jìn.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni à ń pé sí gbọ̀ngàn. Avshalom ti gba kásẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ fún wa. A máa ń wọ aṣọ dáadáa, a máa ń wò ó láti ọjà dé ibi àbẹ́là, a ó ṣe Àmín, yóò sì dá a dúró síbi tí obìnrin náà ti fọwọ́ bojú, nítorí mo bẹ̀ ẹ́. Àwòrán náà máa ń gbọ̀n díẹ̀, bí èèyàn tí òtútù mú. Lọ́jọ́ kan mo dìde, mo rìn lọ bá a níbi ògiri, àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé Getzel, jókòó, o ń dí wa lójú. Nígbà tí mo dé ìdí rẹ̀, kò sí ọwọ́, kò sí obìnrin, kìkì ìmọ́lẹ̀ tó ń fò àti ibi tí ògiri ti sán. Mo padà sẹ́yìn, ó tún dé. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí báyìí.

Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni pé kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti ń bàjẹ́. Avshalom ṣàlàyé fún mi pé ibi tí a bá ti ń dá téèpù dúró ni ó ti máa ń gbó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nǹkan funfun ń ya kọjá lójú ọwọ́ obìnrin náà bí yìnyín Marmaros, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ìka rẹ̀ mọ́. N kò sùn dáadáa. Mo ti kọ́kọ́ mú gègé láti ní kí o fi owó ránṣẹ́, kí a lè ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun, mo ti kọ ọ́ sórí ìwé kan gan-an kí Perl tó wọlé wá yá iyọ̀.

Ó bi mí pé kí ni mò ń kọ tí ojú mi fi pọ́n, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. N kò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́, iyọ̀ ló wá yá. Ó fi abọ́ kalẹ̀, ó jókòó, ó ní, "Getzel, ìyá rẹ lo wá ń wá lójú ọmọ ọlọ́mọ? Kí ni Fradl sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí Tirtza?"

Fradl, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Haifa, o kò lè rántí rẹ̀, o kéré. Òun nìkan ló kù nínú ilé ìyá mi. Ó wá wò ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, Perl wà níbẹ̀, òun ló ń bá ìyá rẹ po omi. Fradl tẹ̀ ba lé orí ibùsùn rẹ, ó wò ọ́ títí, ó ní, "Brayna rèé. Brayna ló tún padà wá yìí," ó sì bú sẹ́kún. Ó ní orúkọ ìyá mi ni kí n sọ ọ́. O mọ àṣà wa, a kì í sọ ọmọ lórúkọ ẹni tó ṣì wà láàyè. Bí mo bá sọ ọ́ ní Brayna, a jẹ́ pé mo ti gbà pé ó kú. N kò rí sàréè rẹ̀, n kò mọ ọjọ́ rẹ̀, mo ṣì ń retí lẹ́tà. Mo ní rárá. Mo wá orúkọ kan tí òkú kankan ò jẹ́ rí nínú ilé wa, mo fi sọ ọ́, orúkọ tó dùn ni, ó sì bá ọ mu. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kò wò ọ́ bí Fradl ṣe wò ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti wò ọ́. Bí o bá ń ṣe bí ẹni tó ń bínú sí mi nígbà mìíràn pé mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá fèrèsé sọ̀rọ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, owó kásẹ́ẹ̀tì, má fi ránṣẹ́ mọ́. Fi ra epo sínú mọ́tò yín, kí o wá lọ́jọ́ Ẹtì yìí, kí oòrùn tó wọ̀. N kò sọ pé kí o gba ohunkóhun gbọ́. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá wá lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ máa ń gbé mọ́tò pamọ́ sẹ́yìn ilé omi kí n lè rò pé ẹsẹ̀ lẹ fi rìn láti Tel Aviv, mo sì ti ń rò bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kò sí ìjà. Mo kàn fẹ́ kí o bá mi tan àbẹ́là ni. Bí o bá ti gbàgbé àdúrà rẹ̀, mi ètè rẹ, Perl yóò máa kà á sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, o mọ̀ pé kò lè dákẹ́. Èyí tí mo ṣì fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ ni owó oúnjẹ adìyẹ, ó ti wọ́n, àti owó bàtà òjò kan fún mi, èyí tí mo ní ń mu omi. Ìwọ̀nba tí agbára rẹ bá ká ni, má jẹ gbèsè nítorí mi.

Kí Ẹni tó fi ọmọ pa Sara lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ogbó rẹ̀ máa fi àwọn ọmọ rẹ pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Kí ó fún ọ ní ọwọ́ Rebeka tí kì í ṣahun omi, kí ó fún ọ ní ojú Rakeli láìsí ẹkún rẹ̀, kí ilé rẹ kún bí ilé Lea. Kí ẹnikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn yín àfi ẹni rere.

Lọ́jọ́ Ẹtì, tí o bá ti fi ọwọ́ bojú tí o sì súre tán, má kánjú. Èmi yóò jókòó sí ọ̀kánkán rẹ. Sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, jẹ́ kí n wò ọ́ dáadáa, má sì rẹ́rìn-ín bí mo bá pẹ́. Bí mo bá ṣèèṣì pè ọ́ ní orúkọ mìíràn, jọ̀ọ́ ọmọ mi, dá mi lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Getzel ọmọ Brayna.